Kunitachi: Téṣọ̀n Tó Bí Ìlú

Alága ìjókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ti dojú kọ fóònù, mo rí yín o, ẹ̀yin náà ẹ kú àpéjọ. Bí ẹkòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Mo júbà gbogbo yín kí n tó la ẹnu tèmi.

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí rélùwéè ilẹ̀ Japan. Mo rò ó títí. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Téṣọ̀n kan ṣoṣo ni mo bá wá, téṣọ̀n ẹ̀yìn ìlú Tokyo, níbi tí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọkọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kunitachi lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi kàwé nítòsí ibẹ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, mo gba ibẹ̀ jáde, títí ẹsẹ̀ mi fi mọ gbogbo àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fà yọ kò ju ẹyọ kan lọ. Níbi púpọ̀ láyé, ìlú ni yóò kọ́kọ́ wà, téṣọ̀n á wá bá a. Ní Kunitachi, téṣọ̀n ló ṣáájú. Téṣọ̀n ló bí ìlú, òun ló sọ ọ́ lórúkọ, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ìyá wá darúgbó ńkọ́, kí làwọn ọmọ ṣe? Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kálọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ

Àwọn baba wa ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ Kunitachi lórúkọ wo ilé méjì: ilé ọwọ́ ọ̀tún àti ilé ọwọ́ òsì.

Ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ń pè ní Chuo. Ọkọ̀ rẹ̀ ní ìlà àwọ̀ ọsàn lára, kò ṣeé ṣì mọ̀. Láti àárín gbùngbùn Tokyo ló ti ń bọ̀, ó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Kìlómítà 34 àti díẹ̀ ló wà láàárín téṣọ̀n Tokyo àti Kunitachi. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Kobu ló kọ́kọ́ tẹ́ irin náà láti Shinjuku dé Tachikawa ní oṣù kẹrin ọdún 1889, ìjọba sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1906. Kí ẹ lè mọ bó ti pẹ́ tó, ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin tiwọn láti Èkó. Bí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé apá ibẹ̀ nínú irin Chuo gún régé, àfi bí ẹni fi rúlà fà á, fún ohun tó lé ní 20 kìlómítà. Kò yà fún òkè, kò yà fún ilé. Kí ló fà á? Ilé kì í pọ̀ nígbà náà tí èèyàn á máa yà fún.

Téṣọ̀n Kokubunji wà ní ìlà oòrùn, téṣọ̀n Tachikawa wà ní ìwọ̀ oòrùn. Igbó ló wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fi téṣọ̀n tuntun sáàárín igbó yìí, wọ́n mú àmì ìkọ̀wé àkọ́kọ́ nínú orúkọ Kokubunji, wọ́n mú àmì àkọ́kọ́ nínú orúkọ Tachikawa, wọ́n so wọ́n pọ̀. Àmì tí wọ́n ń kà ní “koku” lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kà ní “kuni” níhìn-ín. Bí Kunitachi ṣe jẹ́ nìyẹn.

Àmì méjì yẹn náà ló kó mi sí wàhálà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá kọ wọ́n pọ̀, ẹ lè kà wọ́n ní “kokuritsu”, ìyẹn “ti ìjọba orílẹ̀-èdè”. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọgọ́rùn-ún àmì péré, tí mo ti ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé, mo ka pátákó téṣọ̀n sókè ketekete, mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi kan, mo ní, “Ṣé gbogbo ìlú yìí pátá, ti ìjọba ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá òpó mú. Lẹ́yìn ìgbà náà ló sọ fún mi pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, pé àwọn ọmọ Japan pàápàá tó wá láti ìlú jíjìn máa ń ṣì í kà.

Wọ́n ní ìtumọ̀ kejì tún wà níbẹ̀. “Kuni” ni orílẹ̀-èdè, “tachi” ni dídìde, pé láti orí ilẹ̀ yìí ni orílẹ̀-èdè tuntun yóò ti dìde. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ẹ sì má gbàgbé pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Abúlé kan wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ o. Yaho lorúkọ rẹ̀, ó ti wà láti ayébáyé, ó ní ojúbọ tirẹ̀ tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ títí dòní. Ní 1951, nígbà tí ìjọba gbé abúlé náà ga, tó di ìlú kékeré, ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n mú? Wọ́n pa Yaho tì. Kunitachi ni wọ́n mú. Ní 1967 tí wọ́n tún gbé e ga sí i, Kunitachi náà ni. Mo ní abúlé àgbà gba orúkọ lọ́wọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró! Ibo lẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Bí wọ́n ṣe bí i

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago méjìlá ọ̀sán lù, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti agbègbè rẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni. Iná wà lábẹ́ ìkòkò káàkiri, pákó sì ni ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀yin náà ẹ lè fọkàn yàwòrán ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn tó kú lé ní 100,000. Láàárín ìlú náà, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Hitotsubashi, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì di aláìnílé, ó ń wá ibi tí yóò forí pa mọ́ sí.

Ibẹ̀ ni oníṣòwò ilẹ̀ kan ti wọlé. Tsutsumi Yasujiro lorúkọ rẹ̀, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ Hakone Tochi. Ọkùnrin yìí ò kéré o. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ní rélùwéè ńláńlá ní Tokyo. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń sọ yìí, igbó ló ń wá kiri. Ó dé Yaho. Apá gúúsù ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Kofu. Apá àríwá tí irin gbà kọjá jẹ́ igbó lásán, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi ìdáná, tí wọ́n ti ń kó ewé tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ó rà á lọ́wọ́ wọn.

Ṣé igbó ni owó? Igbó kì í ṣe owó. Ilẹ̀ tí kò séèyàn lórí rẹ̀, iye kí ni yóò jẹ́? Èèyàn kì í sì í lọ síbi tí kò ti sọ́nà ìpadà. Tsutsumi lọ bá àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní, “Ẹ wá sọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ wà.” Ó lọ bá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí rélùwéè, ó ní, “Ọkọ̀ yín ń kọjá láàárín ilẹ̀ mi, ẹ jẹ́ kó máa dúró.” Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ètò ìlú kọ sínú ìwé yín: òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ téṣọ̀n náà. Owó ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Nígbà tó parí, ó fa á lé ìjọba lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé àánú ló ṣe é? Bí apẹja bá fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, ṣé ẹja ló ń kẹ́?

Òun kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ o. Ní ìhà Osaka, Kobayashi Ichizo ti gbé e gbòòrò ṣáájú rẹ̀. Ní 1910, ó ṣí ojú irin, ó kọ́ ilé sẹ́bàá rẹ̀ ní Ikeda, ó ń tà á fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti akọ̀wé báńkì, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ó tún fi àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin tó ń ṣeré sí Takarazuka ní ìparí ojú irin, ó sì wá kọ́ ilé ìtajà ńlá sí Umeda ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1929. Ẹ rí i bó ṣe ṣe é? Láàárọ̀, òṣìṣẹ́ kún ọkọ̀ tó ń lọ sígboro. Lọ́jọ́ ìsinmi, onífàájì kún ọkọ̀ tó ń jáde nígboro. Kò sí ìgbà tí ọkọ̀ yóò sáré lófìfo. Owó ọkọ̀ kọ́ ni olórí èrè wọn, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kunitachi. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1926 ni téṣọ̀n náà ṣí. Ilé onípákó, òrùlé rẹ̀ pupa, ó ṣẹ́nu ṣóńṣó sókè ní igun mẹ́ta, fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ lókè. Ní iwájú rẹ̀, wọ́n la títì mẹ́ta bí ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Ìka àárín lọ tààrà sí gúúsù, òun ni wọ́n ń pè ní Daigaku-dori, Títì Yunifásítì. Ìka òsì kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, Asahi-dori. Ìka ọ̀tún ni Fujimi-dori, títì tí a ti ń wo òkè Fuji. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù, ẹ ó rí Fuji ní òpin títì náà, funfun báláú, bí ọba tó jókòó sórí ìtẹ́.

Ẹ gbọ́ ìwọ̀n Daigaku-dori: mítà 44 ní fífẹ̀. Ní 1926! Láàárín igbó! Mọ́tò mélòó ló wà nílẹ̀ nígbà náà tí wọ́n fi la irú títì bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ Yaho á ti rò pé orí ọkùnrin yìí ti yí. Títì wà, ilé ò sí. Téṣọ̀n wà, èrò ò tó nǹkan. Ní 1927 báńkì ń wó lulẹ̀ káàkiri Japan, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dá owó gbogbo ayé tún dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni koríko fi hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti pín sí púlọ́ọ̀tì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kó dé díẹ̀díẹ̀. Òun ni ayé mọ̀ sí Yunifásítì Hitotsubashi lónìí, tó gbé orúkọ àdúgbò rẹ̀ àtijọ́ bọ̀ láti ìgboro. Ní 1934 sí 1935, àwọn ará ìlú gbin igi sakura sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti fi yọ ayọ̀ ọmọ ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Igi yẹn náà ni èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò lónìí ní oṣù kẹrin, tí òdòdó rẹ̀ bá tan.

Ẹ bá mi wọ inú téṣọ̀n láàárọ̀

Aago méje ààbọ̀. Wọ́n ti fàlà sílẹ̀ níbi tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ yóò ti ṣí. Èèyàn tò síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ọkọ̀ dé, ìlẹ̀kùn ṣí síbi ìlà náà gẹ́lẹ́. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀, ẹ̀yin náà á wá wọlé. Ìgbà tí ẹ bá wọlé tán lẹ ó mọ̀ pé inú ìrọ̀rùn lẹ ti wà tẹ́lẹ̀. Kí àrùn kòrónà tó dé, bí ọkọ̀ Chuo bá fi ń súnmọ́ Shinjuku láàárọ̀, èrò inú rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tó yẹ kó gbà. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọwọ́ sókè láti di irin mú, n kò rí ọwọ́ náà fà sílẹ̀ mọ́ títí mo fi sọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo nǹkan rélùwéè Japan ló dùn bí oyin, ẹ bi í bóyá ó wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni òṣìṣẹ́ téṣọ̀n. Ẹ wò ó bó ti dúró, ibọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ó na ìka sí ìlẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ sókè pé ó ti tì. Ó na ìka sí iná àmì, ó sọ ọ́ sókè pé ó ti tàn. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kò bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní bóyá ara ọkùnrin yìí ò yá.

Ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Láti ayé ọkọ̀ elédùú ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Japan ti ń ṣe é. Ojú lè rí nǹkan kí ọkàn má rí i. Bí ìka bá wá nà, tí ẹnu sọ, tí etí gbọ́, ọkàn ò ní ibi tí yóò sá sí. Ilé ìwádìí rélùwéè tó dán an wò ní 1994 kò jìnnà rárá. Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà àríwá jáde ní téṣọ̀n Kunitachi, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ kan, kí wọ́n máa wò ó lásán, kí wọ́n má nàka, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe wọn jẹ́ 2.38. Wọ́n ní kí wọ́n nàka kí wọ́n sì sọ ọ́ sókè. Àṣìṣe bọ́ sí 0.38. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ o! Ìka àti ẹnu tí Olódùmarè fún wa náà ni.

Èmi ti kó o wálé. Kí n tó jáde nílé láàárọ̀, mo máa ń na ìka sí sítóòfù: “Gáàsì, mo ti pa á!” Ẹ̀rín ti sú ìyàwó mi.

Bí mo ti dárúkọ ilé ìwádìí yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Hikari-cho ni wọ́n ń pe àdúgbò tó wà, ó sì ti bọ́ sínú ìlú Kokubunji. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí tó bí Shinkansen tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1964. “Hikari” ni orúkọ ọkọ̀ tó yára jù nígbà náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Àdúgbò náà gba orúkọ lára ọkọ̀. Gúúsù gba orúkọ lọ́wọ́ téṣọ̀n, àríwá gba orúkọ lọ́wọ́ ọkọ̀. Àwọn èèyàn yìí, ọ̀rọ̀ irin ti wọ̀ wọ́n lára!

Oorun ńkọ́? Oorun inú ọkọ̀ Chuo, òun náà tó ọ̀rọ̀ àsọyé lọ́tọ̀. Wọ́n máa ń sùn lórí ìdúró, bí ọkọ̀ bá sì dé téṣọ̀n wọn, ojú á là. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ṣe ìdánwò tán. Ìgbà tí mo lajú, mo wà ní Takao, níbi tí àwọn òkè ti bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 53 sí téṣọ̀n Tokyo. Ọkọ̀ ìkẹyìn ni. Òtútù oṣù kejì. Àwa mẹ́rin la sọ̀ kalẹ̀ tí a ń wo ara wa, ojú gbogbo wa wú, kò sí èyí tó lè bú èkejì. Ẹlẹ́bi ni mí, oorun mi ni mo fi ṣe é. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ilé oúnjẹ kan tí kì í tì lóru ni mo jókòó sí, tí mo ń mu tíì kan náà láti aago kan dé aago mẹ́rin.

Nígbà tí ìyá darúgbó

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ jókòó dáadáa.

Ojú irin tó gún bí rúlà yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tó ti wà. Nígbà tí ìlú wá kún, ọkọ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀ láàárọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá tí wọ́n fi ń dí títì kì í rí ààyè gbéra. Ọkọ̀ èyí kọjá, òmíràn ti ń bọ̀. Mọ́tò, kẹ̀kẹ́, ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n, gbogbo wọn dúró. Ìjọba ní àfi kí wọ́n gbé irin náà sókè sórí òpó láti Mitaka dé Tachikawa. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Nígbà tó fi máa di ìparí 2010, gbogbo rẹ̀ ti gòkè, ibi 18 tí títì àti irin ti ń dábùú ara wọn sì ti pòórá. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ tó dára ni.

Ṣùgbọ́n ilé olórùlé pupa wà lójú ọ̀nà iṣẹ́.

Lójú ẹni tó ń wo owó nìkan, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Pákó tó ti lo 80 ọdún, ẹ wó o dànù. Àwọn ará Kunitachi ní kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú àwọn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n kọ̀wé, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n dá owó. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ní oṣù kẹwàá 2006, téṣọ̀n àtijọ́ náà ti ilẹ̀kùn. Ìjọba ìlú kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wá, wọ́n tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, igi lẹ́yìn igi, wọ́n sì kó o pa mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, ìgbà tí ilé náà wà ní títú yẹn gan-an ni mo gbé níbẹ̀. Ọdún méjì, n kò fojú kàn án rí! Téṣọ̀n kọnkéré tó wà lábẹ́ irin orí òpó ni mo mọ̀. Síbẹ̀ kò sí ibi tí mo yà sí tí n kò bá òrùlé pupa yẹn pàdé. Ó wà nínú fọ́tò lára ògiri ilé kọfí. Ó wà lára páálí bísíkíìtì. Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun mi yàwòrán rẹ̀ sára dígí. Mo bi í léèrè pé ilé yìí dà, ó ní, “Ó lọ sinmi. Ó ń padà bọ̀.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó lọ gba ìtọ́jú lábúlé. Èmi ò gbà á gbọ́. Èwo lohun tí ìjọba kó pa mọ́ tó padà rí?

Ó padà o. Ní oṣù kẹrin 2020, bí kòrónà ti ń gbóná, tí kò sì sẹ́ni tó lè péjọ ṣàjọyọ̀, wọ́n ṣí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n gbé e dúró sí, ọ̀pọ̀ nínú igi àtijọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n sì dá ìrísí rẹ̀ padà sí bó ti rí ní 1926. Ọkọ̀ ò ti ibẹ̀ wọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lókè, òun jókòó síwájú bí ìyá àgbà tí wọ́n gbé àga fún lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún kan náà, láàárín ìgboro Tokyo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó téṣọ̀n onípákó Harajuku tó ti wà láti 1924. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ọjọ́ orí wọn. Kí ló fa ìyàtọ̀? Harajuku ní èrò, èrò tó ń wá ra aṣọ tó ń lọ. Kunitachi ní ọmọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn títì mẹ́ta

N kò ní í pẹ́ lórí èyí, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ọmọ tó gba ogún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ, àwọn èèyàn Kunitachi sì mọ ogún ṣọ́, wọ́n fẹ́ràn ẹjọ́ díẹ̀ pàápàá. Ní 1952, nígbà tí sójà Amẹ́ríkà wà ní Tachikawa, tí ilé aṣẹ́wó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ àdúgbò, àwọn ìyá àti akẹ́kọ̀ọ́ jà títí wọ́n fi sọ ibẹ̀ di àdúgbò ẹ̀kọ́, tí irú òwò bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé gíga dé. Ilé alájà 14, mítà 44 sókè, lẹ́bàá Daigaku-dori níbi tí àwọn igi ò ti ju nǹkan bí 20 mítà lọ. Wọ́n gbé e dé kóòtù. Ní oṣù kejìlá 2002, adájọ́ Tokyo ní kí wọ́n gé gbogbo ohun tó bá kọjá 20 mítà nínú apá tó kọjú sí títì. Èèyàn ti ń gbé inú ilé o! Kóòtù tó ga jù ú lọ fagi lé e ní 2004. Ní oṣù kẹta 2006, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá a: àǹfààní tí ará àdúgbò ń jẹ lára ìrísí àdúgbò rẹ̀, òfin lè dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ilé yẹn ò rú òfin. Ilé náà wà níbẹ̀ títí dòní. Ìyà jẹ wọ́n nínú ẹjọ́, wọ́n sì fi gbólóhùn kan sílẹ̀ tí agbẹjọ́rò gbogbo ilẹ̀ Japan ń tọ́ka sí.

Ní 2024, ní Fujimi-dori, ilé alájà mẹ́wàá kan parí, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fún àwọn tó rà á ní kọ́kọ́rọ́. Ó dí ojú òkè Fuji. Ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wó o. Wọ́n sì wó o.

Ṣé mo yìn wọ́n? Mo yìn wọ́n, kò sì dé inú mi tán. Ojú tó fẹ́ràn òkè Fuji náà lè kọ̀ fún ẹni tí kò lówó pé kó má wá gbé nítòsí. Ilé tí kò bá ga, èèyàn díẹ̀ ni yóò gbà, owó rẹ̀ á sì lọ sókè. Èmi akẹ́kọ̀ọ́, yàrá tí mo lè san owó rẹ̀, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ló wà sí téṣọ̀n. Ẹ bá mi rò ó wò.

Mo padà lọ ní 2025. Ọkọ̀ Chuo ti ń fa kọ́ọ̀ṣì 12 dípò mẹ́wàá, wọ́n ti fi méjì kún un fún ẹni tó bá fẹ́ san owó sí i kó lè jókòó. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba iwájú jáde, ojú mi sì ṣe mẹ́rin: òrùlé pupa tí mo mọ̀ lára páálí bísíkíìtì ló dúró níwájú mi gbangba. Mo wọlé. Bẹ́ńṣì wà níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́. Bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra sún fún mi. A jọ dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Níbo lo ti wá?”

Mo ní, “Nàìjíríà ni, bàbá.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ìyẹn kọ́. Èwo nínú àwọn títì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò ń gbé?”

Alága, ẹ ṣeun. Mo rí ọwọ́ tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún, ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.